Ta Ni Yóò Jáde Kí Ẹni Ọ̀fẹ́ Tó Wọlé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè wá sí ènìyàn lọ́kàn nígbà tí ọjà bá wà nílẹ̀ tí wọ́n sì ní kí ó mú un lọ láìsan kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ìlọ́fà, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó jẹ́ pé eré bọ́ọ̀lù orí fóònù ni ó fi ìtumọ̀ òwe náà hàn án. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe: ó ń tẹ ìwé, ó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ó sì ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè náà. Àwọn méjèèjì ni ìtàn yìí dá lé: eré tí ó ń ṣe, àti ìwé tí ó ń kọ fún ẹgbẹ́ òbí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti eré náà. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Aránṣọ kan wà ní Òsì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara. Mẹkáníìkì kan wà ní Òbó-Ayégúnlé. Nọ́ọ̀sì kan wà ní Òdò-Ọwà. Àwọn yòókù ti tú ká lọ sí Ìlọrin àti Èkó. Fantasy Premier League ni wọ́n ń pe eré náà, ṣùgbọ́n oríṣi kejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Draft ni àwọn mẹ́jọ yìí yàn láàyò. Nínú oríṣi tí gbogbo ayé mọ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè ní Mohamed Salah lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Draft, bí aránṣọ Òsì bá ti mú Salah, ó di tirẹ̀ nìyẹn, àwọn méje yòókù yóò máa wò ó láti òkèèrè. Ènìyàn 15 ni olúkúlùkù ń kó jọ: aṣọ́lé 2, ọwọ́ ẹ̀yìn 5, àárín 5 àti ọwọ́ iwájú 3. Ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà bá ṣe ní orí pápá ní Ìlú Ọba ní òpin ọ̀sẹ̀ ni yóò di àmì fún ẹni tí ó ni wọ́n. Ẹni tí ó bá gbẹ̀yìn ní òpin sáà ni yóò ra iṣu, tí yóò ra ẹran ìgbẹ́, tí yóò sì dúró ti odó.

Bí a bá ṣírò rẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbábọ́ọ̀lù 15 yóò kó 120. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ìdíje náà sì lé ní 500. Gbogbo àwọn tí ó ṣẹ́ kù ni ẹni ọ̀fẹ́. Wọn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì lówó lórí. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì ni ó máa ń kọ́kọ́ yàn lára wọn. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ẹni 15 kò gbọdọ̀ di 16. Bí ọwọ́ ẹ̀yìn kan bá fẹ́ wọlé, ọwọ́ ẹ̀yìn kan gbọ́dọ̀ jáde, ẹni tí ó bá sì jáde di ẹni ọ̀fẹ́ tí àwọn méje yòókù lè gbé.

Eré irú èyí kò ti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Baseball, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1980 ni Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé líìgì tiwọn kalẹ̀ ní New York, tí wọ́n ń ra àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball lórí ìwé, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe lóòótọ́ díje. Ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ gan-an, inú eré kan náà ni ó ti gbilẹ̀. Títí di ọdún 1975, ẹgbẹ́ baseball kan lè so agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi fi eré sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni onílàjà kan, Peter Seitz, dá ẹjọ́ pé Andy Messersmith àti Dave McNally ti di òmìnira ara wọn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1995, ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún Jean-Marc Bosman, ọmọ ilẹ̀ Belgium. Láti ìgbà náà ni agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí ti lè gbé bàtà rẹ̀ kí ó sì lọ síbi tí ó wù ú, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ tuntun san owó fún ẹgbẹ́ àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́? Ní ọdún 2000, Chelsea mú Winston Bogarde láìsan owó fún Barcelona. Ìròyìn sọ pé ẹgbẹ̀rún 40 owó pọ́n-ùn ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀, eré tí ó sì kópa nínú rẹ̀ kò tó ogún. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé ẹni ọ̀fẹ́ yìí lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn. Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, Nwankwo Kanu ti pé ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn rẹ̀ ní ọdún 1996. West Bromwich kò fẹ́ ẹ mọ́. Portsmouth, tí ó kù díẹ̀ kí ó já wálẹ̀ ní sáà tí ó ṣáájú, mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ó sì jẹ góòlù méjì sí Blackburn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ ní àṣekágbá FA Cup, ẹsẹ̀ Kanu ni ó ti wá. Ẹni méjì nìyí tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́: ọ̀kan jẹ owó ilé, ọ̀kan gbé ife wá sílé.

Kí ni ó wá yẹ kí ènìyàn wò? Ọkùnrin Ìlọ́fà yìí kò gba ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ láti inú íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti gbà á. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá náà. Bí àsìkò ebè kíkọ bá dé, àwọn alágbàṣe a máa wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn a dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn a máa mú ẹni tí apá rẹ̀ bá tóbi jù. Bàbá yìí kì í wo apá. A máa mú alágbàṣe lọ sínú oko, a ní kí ó kọ ebè mẹ́wàá, a jókòó sábẹ́ igi, a sì máa wo ìkẹwàá bóyá ó tó bí ìkíní. Ìkẹwàá ni ó ń sanwó fún. Ó tún máa ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ni oko náà nílò lọ́dún yìí, nítorí ẹni tí ó mọ ebè kọ kò fi dandan mọ igi gé.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà gba ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn sáà baseball ti ọdún 2001, New York Yankees fi owó ńlá gba Jason Giambi mọ́ Oakland lọ́wọ́. Oakland kò ní owó tí wọn yóò fi ra irú Giambi mìíràn. Wọ́n mú Scott Hatteberg, ẹni ọ̀fẹ́ tí ìgúnpá rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé kò lè ju bọ́ọ̀lù bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọn kò wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ní sùúrù níwájú bọ́ọ̀lù, ó sì mọ bí a ṣe ń dé ibùdó àkọ́kọ́, èyí tí Giambi máa ń ṣe fún wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, Hatteberg yìí ni ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó fún Oakland ní ogúnlọ́gọ̀ ìṣẹ́gun, ogún gééré láìfìdí-rẹmi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìlọ́fà. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìsàlẹ̀ tábìlì ni ọkùnrin wa wà, nítorí náà òun ni yóò kọ́kọ́ yàn. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó ń wá. Ẹni méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Reece James, balógun Chelsea, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àìsàn ẹsẹ̀ dé. Orúkọ ńlá ni, gbogbo ènìyàn ni ó ń pè é. Ẹnì kejì ni Ola Aina ti Nottingham Forest, ọmọ Nàìjíríà, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ẹni ọ̀fẹ́ ní ti gidi: àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Torino parí ní ọdún 2023, Forest sì mú un láìsanwó.

Ó lo òṣùwọ̀n bàbá rẹ̀. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Èwo nínú wọn ni ó ń wà lórí pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Aina ni. Èwo ni ilé rẹ̀ kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé? Forest ti lọ na Liverpool 1-0 nínú ilé wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án. Èwo ni ebè kẹwàá rẹ̀ tó bí ìkíní? Ó ti pẹ́ tí iṣan James ti máa ń já a kulẹ̀. Ó mú Aina. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, Forest na West Ham 3-0, Aina sì jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Nínú eré yìí, góòlù ọwọ́ ẹ̀yìn jẹ́ àmì 6, àìjẹ́-kí-bọ́ọ̀lù-wọlé jẹ́ 4, wíwà lórí pápá kọjá wákàtí kan jẹ́ 2. Àmì 12 ni ìyẹn, kí a tó ka àfikún tàbí àyọkúrò kankan. Kí oṣù náà tó parí, iṣan ti tún gbé James jókòó. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, Aina tún jẹ góòlù ní ilé Brentford, Forest borí 2-0, àmì 12 mìíràn.

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó tẹ tábìlì líìgì jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá wá ṣe ẹ̀dà ìwé. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ni ó bi í ní ìbéèrè tí kò retí.

“Bàbá, ta ni ẹ yọ kúrò?”

Antonee Robinson ti Fulham ni ó yọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n aránṣọ Òsì kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ó tó gbé e. Robinson kì í jẹ góòlù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tó o láàárín àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Kí sáà náà tó parí, irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ni ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, àmì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ sí àpò aránṣọ. Ọmọbìnrin náà mú gègé, ó kọ orúkọ méjèèjì sí ẹ̀yìn ìwé kan, ó sì ń fi àmì Robinson yọ kúrò lára ti Aina. Èyí tí ó ṣẹ́ kù kò tó ohun tí ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nígbà náà ni ó yé e. Owó orí ẹni ọ̀fẹ́ ni ẹni tí ó jáde fún un. Ó ti wọn ẹni tí ń bọ̀ lọ́nà mẹ́ta, kò wọn ẹni tí ń lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí tí kò fi wọ̀n ọ́n ni pé ó ti mọ́ ọn lójú. Ohun tí ó wà nílé a máa dà bí ẹni pé yóò wà níbẹ̀ títí láé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Robinson ni ó gba oorun lójú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè ọmọ rẹ̀ ti ṣí ìwé mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní owó tí ó lè san fún olùkọ́ ìṣirò kan ṣoṣo. Olùkọ́ àgbàlagbà kan ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí NCE, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọgbà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé wá láti ìlú ńlá, ó ní oyè yunifásítì, èsì rẹ̀ dára gidigidi, owó tí ó sì béèrè kò ju ti àgbàlagbà náà lọ. Lójú ìgbìmọ̀, èrè ọ̀fẹ́ ni. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó tẹ lẹ́tà ìdágbére olùkọ́ àgbà. Kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí yóò lọ. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìkọjá ààlà, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ni ó gbé e.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà mọ iṣẹ́, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba Kòrò ní ààfin rẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì tí ó bá Òkè-Ẹ̀rọ̀ pààlà. Ìbẹ̀rù gba gbogbo ọ̀nà agbègbè náà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, àwọn òbí rẹ̀ ti ní kí ó máa bọ̀ wálé. Òbí wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ àgbà ìbá ti dúró, nítorí kò ní ilé mìíràn tí yóò sá lọ. Ọmọ tí ó bá ní aṣọ bí àgbà kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àkísà náà ni ìmọ̀ ọ̀nà, ìmọ̀ ìdílé ọmọ kọ̀ọ̀kan àti sùúrù wà. Láti oṣù Kejì títí di ìgbà ìdánwò WAEC, kíláàsì àṣekágbá kò ní olùkọ́ ìṣirò. Ọmọbìnrin akọ̀wé wà nínú kíláàsì náà. Ìṣirò nìkan ni kò yege. Ìdí nìyẹn tí ó fi wà nídìí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ó yẹ kí ó wà ní yunifásítì.

Ọmọ náà kò mẹ́nu ba olùkọ́ kankan. Robinson ni ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n bàbá gbọ́ ohun tí ó gbọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tún pàdé lórí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ìṣirò. Akọ̀wé ti kọ́kọ́ wá olùkọ́ àgbà lọ ní ìkọjá ààlà. Ọkùnrin náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní omi mu, ó sì sọ fún un pé òun kò ní fi àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ òun báyìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Nínú eré, ẹni tí a yọ lè padà wọlé lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò ní rántí. Ènìyàn a máa rántí.

Ìwé méjì ni ó wà lórí tábìlì ìgbìmọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlọrin tí èsì rẹ̀ tayọ. Èkejì jẹ́ ti ọmọ ìlú kan, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ láìgba owó láti ìgbà tí àyè náà ti ṣófo. Alága ní ọ̀rọ̀ náà kò gba àríyànjiyàn, kí wọ́n mú ẹni tí ìwé rẹ̀ tayọ.

Akọ̀wé dìde. Ó béèrè pé bí ẹni ti Ìlọrin bá wọlé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́? Ta ni yóò gbé ọmọ ìlú náà bí wọ́n bá jẹ́ kí ó lọ? Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa ìwé ẹ̀rí méjèèjì dé, kí àwọn méjèèjì wá kọ́ kíláàsì kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ìgbìmọ̀ sì jókòó sẹ́yìn kí wọ́n wo ọjọ́ karùn-ún bóyá ó tó bí ọjọ́ kìíní.

Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n fọwọ́ sí i. Akọ̀wé kọ ìpinnu náà sílẹ̀, ó ti ìwé rẹ̀, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ ti tún ìdánwò ìṣirò náà ṣe, èsì kò tíì jáde. Wọ́n ti yọ tábìlì líìgì kúrò lára ògiri. Ní ojú ibẹ̀, ọmọ náà ti lẹ ìwé tí ó kọ orúkọ méjì sí, ti ẹni tí ó wọlé àti ti ẹni tí ó jáde.